Elizabeth Cotten: Akọrin Ìbílẹ̀ tí ó fi Ọwọ́ Òsì Júwe Ilé Bàbá Rẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ohun tí àwọn àgbà ń fi òwe yìí kọ́ wa ni pé ẹni tí ó bá mọ iyì orírun rẹ̀ kì í fi ojú yẹpẹrẹ wò ó, kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa níwájú àlejò. Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ òsì ni ó fi ta gìtá láti kékeré títí tí ó fi di arúgbó, ilé bàbá rẹ̀ ni ó sì ń fi gìtá náà júwe. Síbẹ̀, iyì ni ó fi kún ilé náà. Orúkọ rẹ̀ ni Elizabeth Cotten, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti apá Gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, akọrin ìbílẹ̀ tí ó tún jẹ́ aṣẹ̀dá orin.

A kò yan ìtàn rẹ̀ nítorí òkìkí rẹ̀ nìkan. Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn, tí a sì ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí abúlé láti gba ohùn àwọn apohùn sílẹ̀, ní ẹ̀kọ́ pàtàkì láti rí kọ́ nínú rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni ìtàn náà gbé ka iwájú wa: níbo ni orin ti ń wá, kí ni ó lè pa akọrin lẹ́nu mọ́, ta ni ó sì ni orin tí gbogbo ayé ń kọ?

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

A bí Elizabeth sí ìdílé Nevills ní ọjọ́ 5, oṣù kìíní, ọdún 1893, ní ìtòsí ìlú Chapel Hill ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ márùn-ún. Àdúgbò tí wọ́n ń gbé ni a wá ń pè ní Carrboro láti ọdún 1913. Ọkọ̀ ojú irin ni ó bí àdúgbò náà. Ní ọdún 1882 ni a la ojú irin dé ibẹ̀ nítorí yunifásítì tí ó wà ní Chapel Hill. Ìwọ̀n máìlì kan sí ọgbà yunifásítì náà ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé yí i ká. Ilé àwọn Nevills kò jìnnà sí ojú irin yìí. Tọ̀sán-tòru ni ìró ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ inú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí.

Nígbà tí a bí Elizabeth, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí a fi òfin fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ń ṣe òfin tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, nínú ọkọ̀ àti ní ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú sábà máa ń rí ṣe ni iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó: kí ó gbálẹ̀, kí ó fọṣọ, kí ó se oúnjẹ, kí ó sì tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ yìí náà ni ìyá Elizabeth ń ṣe, ó sì tún ń gba ẹ̀bí fún àwọn aboyún.

Ìtàn kan nípa orúkọ rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. Orúkọ ìkẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń pè é nílé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó dé ilé ẹ̀kọ́, tí olùkọ́ bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn pé Elizabeth ni òun ń jẹ́. Yorùbá gbà pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ yìí wo ara rẹ̀, ó sì sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Kò pẹ́ púpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó fi í sílẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó mú níbẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Báńjò, Gìtá àti Ọwọ́ Òsì

Ẹ̀gbọ́n Elizabeth ọkùnrin kan ní báńjò. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti lọ sí ibi iṣẹ́, àbúrò á gbé báńjò náà, á máa ta á. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó yẹ kí a rántí pé ohun èlò orin yìí kì í ṣe àjèjì sí ìran wa. Láti ara àwọn ohun èlò olókùn tí a ń fi igbá ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni báńjò ti ṣẹ̀, àwọn tí a kó lẹ́rú ni wọ́n sì gbé ìmọ̀ rẹ̀ sọdá òkun. Ó tún padà wálé: báńjò wà lára ohun èlò àwọn olórin jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Elizabeth, bẹ́ẹ̀ ni báńjò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Kò lè tú okùn rẹ̀ tò nítorí pé ohun olóhun ni. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dojú rẹ̀ délẹ̀, okùn tí ó yẹ kí ó wà lókè sì wá wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó kúrò nílé, báńjò bá a lọ. Elizabeth wá fẹ́ ohun èlò tirẹ̀. Owó iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń gbà kò ju dọ́là kan lọ lóṣù, owó yìí ni wọ́n sì tù jọ títí tí wọ́n fi ra gìtá kan fún un ní $3.75. Bí ó ti ń ta báńjò náà ni ó ṣe ń ta gìtá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ta gìtá sábà máa ń fi àtàǹpàkò ta àwọn okùn olóhùn ìsàlẹ̀, á sì fi àwọn ìka yòókù ta okùn olóhùn òkè tí ń gbé orin. Ní ti Elizabeth, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ìka ni ó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ tí kì í dákẹ́, àtàǹpàkò ni ó sì ń kọ orin lórí okùn olóhùn òkè. Ohùn tí ó jáde kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni àwọn olórin fi ń pe irú ọgbọ́n ìtagìtá yìí, àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún sì ń ṣe wàhálà láti kọ́ ọ. Bí olùkọ́ kan bá ti na ọmọ yẹn nítorí ọwọ́ òsì rẹ̀, ohun tí ayé ì bá pàdánù kò kéré.

Orin Ọkọ̀ Ojú Irin

Elizabeth kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ nígbà tí ó ṣẹ̀dá orin tí ó sọ ọ́ di olókìkí, ìyẹn “Freight Train”. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ó ń sọ nípa ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù tí ń sáré kọjá, nípa ẹni tí ó fẹ́ bá ọkọ̀ náà lọ láìjẹ́ kí a mọ ibi tí òun gbà, àti ibi tí ẹni náà fẹ́ kí a sin òun sí nígbà tí ó bá kú, kí òun lè máa gbọ́ ìró ọkọ̀ náà.

Bí a bá tú orin yìí wò, a ó rí i pé nǹkan méjì tí ó takora ni ó so pọ̀. Ọmọ náà fẹ́ sá kúrò nílé, síbẹ̀ etí ilé ni ó fẹ́ kí sàréè òun wà. Kò wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Ohun tí ó ń gbọ́ láti orí ibùsùn rẹ̀ ni ó kọ lórin. Bí àwọn ọmọ wa náà ṣe máa ń fi ẹnu sín ìró ọkọ̀ rélùwéè jẹ nìyẹn, àfi pé èyí fi ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ kún ìró náà.

Ìgbéyàwó, Ìjọ àti Ọdún Ìdákẹ́

Ní ọdún 1910, Elizabeth fẹ́ Frank Cotten. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Lillie, ni wọ́n bí. Ní àkókò yìí ni ó darapọ̀ mọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, àwọn àgbà ìjọ sì gbà á nímọ̀ràn pé ẹni tí ń sin Ọlọ́run kò gbọdọ̀ máa ta gìtá fún orin ayé. Ó fetí sí wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó fi gìtá sílẹ̀, iṣẹ́ ilé àti ọmọ títọ́ sì gba ìyókù àkókò rẹ̀. Ó ju ogún ọdún lọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ohun èlò náà.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílẹ̀ Yorùbá. Àwa náà mọ ìgbà tí a kò jẹ́ kí ìlù àti orin ìbílẹ̀ wọ inú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ọmọ onílù sì sọ igi ìlù bàbá wọn nù kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi. A kò sọ pé àwọn àgbà ìjọ náà ní èrò ibi. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ẹni tí ó ka ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin náà sí àdánù, òun fúnra rẹ̀ pàápàá kò kà á sí bẹ́ẹ̀.

Nínú Ilé Àwọn Seeger

Lẹ́yìn tí Lillie ti lọ sílé ọkọ, Elizabeth àti Frank kọ ara wọn sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, ó ti ń gbé ní Washington, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá kan fún ìgbà díẹ̀. Ọmọdébìnrin kan sọnù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nínú ilé ìtajà náà ní ọjọ́ kan. Elizabeth rí i, ó sì mú un padà fún ìyá rẹ̀. Peggy Seeger ni ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì ni Ruth Crawford Seeger, gbajúmọ̀ aṣẹ̀dá orin. Charles Seeger, baálé ilé náà, jẹ́ onímọ̀ nípa orin. Ruth fi iṣẹ́ lọ Elizabeth, ó sì gbà. Penny, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn, ni ó sọ ọ́ ní Libba, orúkọ tí púpọ̀ fi mọ̀ ọ́ dòní.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wà fún àwa olùwádìí. Iṣẹ́ tí Ruth ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé ó ń gbọ́ orin ìbílẹ̀ tí a ti gbà sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, ó ń kọ wọ́n sínú ìwé, kí àwọn olùkọ́ lè fi kọ́ ọmọdé. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí orin ìbílẹ̀ fún àwọn ọmọdé jáde ní ọdún 1948. Wọ́n ń wá orin ìbílẹ̀ kiri, ẹni tí orin náà kún inú rẹ̀ sì ń se oúnjẹ fún wọn ní ilé ìdáná. Ọdún ń gorí ọdún kí wọ́n tó mọ̀. Ní ọjọ́ kan ni Elizabeth mú gìtá Peggy tí a fi kọ́ ara ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ìgbà náà ni ojú wọ́n là.

Mike, ẹ̀gbọ́n Peggy, ni ó gbé ẹ̀rọ lọ sí ilé Elizabeth láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ Folkways ní ọdún 1958, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 65.

Ta ni ó ni Orin?

Kí àwo náà tó jáde ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Peggy kọ orin ọkọ̀ ojú irin náà nígbà tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì fi orúkọ tiwọn gba ẹ̀tọ́ oní-nǹkan lórí rẹ̀. Ní ọdún 1957, ẹgbẹ́ Chas McDevitt àti Nancy Whiskey gbé e jáde, ó sì wà lára àwọn orin márùn-ún tí ó tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní gbogbo ìgbà yìí, orúkọ aṣẹ̀dá rẹ̀ kò sí lára àwo náà, ilé onílé ni ó sì ń tọ́jú.

Ẹ̀bi irú nǹkan báyìí wà nínú èrò kan tí àwa náà máa ń gbà láyè. Bí a bá ti pe orin kan ní orin ìbílẹ̀, a máa ń rò pé kò ní olóhun, pé gbogbo ayé ni ó bí i. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹnìkan ni orin ti kọ́kọ́ ń jáde. Orin yìí ní aṣẹ̀dá, aṣẹ̀dá náà sì wà láàyè. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn Seeger àti ọ̀nà òfin, a padà fi orúkọ Elizabeth Cotten sára orin rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí rẹ̀.

Ìgbà Ìkórè

Ní ọdún 1960 ni ó kọ́kọ́ bá Mike Seeger ṣeré fún gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè é sí àwọn àjọ̀dún orin, títí kan ti Newport. Kò tètè fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé òkìkí kì í yára di oúnjẹ. Ó padà sídìí orin ṣíṣẹ̀dá pẹ̀lú. “Shake Sugaree”, tí ó jáde nínú àwo ọdún 1967, jẹ́ orin tí òun àti àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ jọ hun, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni ó sì kọ ọ́ sínú àwo, tí ìyá àgbà ń ta gìtá sí i lábẹ́. Ọ̀nà ìkọ́ni tí ó dára ju èyí lọ ṣọ̀wọ́n.

Ní ọdún 1978, owó orin rẹ̀ ti tó ra ilé ní ìlú Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì kó àwọn ẹbí rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba Amẹ́ríkà fi oyè dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú àṣà ìbílẹ̀. Ní ọdún 1985, àwo orin tí a gbà níbi eré rẹ̀ gba ẹ̀bùn Grammy. Ó ti ju ẹni 90 ọdún lọ nígbà náà. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1987 ni ó papòdà ní Syracuse, ní ẹni ọdún 94. Ní ọdún 2022, a fi orúkọ rẹ̀ sínú ilé ìrántí àwọn olórin Rock and Roll gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tí ó la ọ̀nà. Ní Carrboro, ọ̀nà àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan tí ó wà lẹ́bàá ojú irin ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tọ ipasẹ̀ Elizabeth Cotten láti ẹ̀bá ojú irin Carrboro títí dé Syracuse. Ìdáhùn sí ìbéèrè wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìtàn náà. Ohun tí etí ọmọ ń gbọ́ nílé ni orin ti ń wá. Ohun tí ó ń pa akọrin lẹ́nu mọ́ kì í sábà jẹ́ ìkórìíra. Ó lè jẹ́ ìmọ̀ràn tí a fi inú rere gbà á, tàbí iṣẹ́ òòjọ́ tí kì í jẹ́ kí a bi í ní ohun tí ó mọ̀. Olóhun orin sì wà, bí kò tilẹ̀ mọ̀wé.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ gba orin sílẹ̀ kọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ kí ó tó kọ orin náà, kí ó sì béèrè ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe na ọmọ ọlọ́wọ́ òsì. Kí àwa olùkọ́ àgbà pẹ̀lú, kí a tó wọ mọ́tò lọ sí abúlé láti wá apohùn, kọ́kọ́ bi ìyá tí ń gbá ọ́fíìsì wa láràárọ̀ bóyá wọ́n mọ orin kankan.