Oníṣègùn Ògúntọ́lá Sàpárà: Ẹni tí Ó Wọ Agbo Ṣọ̀pọ̀nná Nítorí Ẹ̀mí Ọmọlàkejì

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, ó tọ́ kí a rántí àwọn tí wọ́n ti rìn ṣáájú wa, kì í ṣe nítorí ipò gíga tí wọ́n dé, bí kò ṣe nítorí ohun tí wọ́n fi ìmọ̀ wọn ṣe fún aláìní. Nínú irú wọn, a yan Oníṣègùn Ògúntọ́lá Sàpárà fún ìwé ìrántí ti ọdún yìí.

Ìlú Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni a bí i sí ní ọdún 1861. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí òwò ẹrú fà tu kúrò nílé, tí àánú Ọlọ́run sì mú gúnlẹ̀ sí Sàró. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí a sọ ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Christopher Sàpárà Williams, ni ó di agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Àbúrò dé Èkó, ó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, lẹ́yìn náà ó ń po oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Láti ibẹ̀ ni ó ti rékọjá sí London láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní Scotland ní ọdún 1895. Ní ọdún 1896 ó padà sí Èkó, ó wọ iṣẹ́ ìjọba, kò sì fi í sílẹ̀ títí di ọdún 1928. Ó bọ́ orúkọ òyìnbó náà sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù àyálò, ó ń jẹ́ Ògúntọ́lá Sàpárà, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó sì ń wọ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní ọdún 1902, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ṣe é ní òfin pé ọmọ òyìnbó nìkan ni yóò wọ inú rẹ̀. Àwọn oníṣègùn aláwọ̀ dúdú di ẹni ẹ̀yìn lórí ilẹ̀ baba wọn. Síbẹ̀ Sàpárà kò kọ iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí aláìsàn kì í bèèrè ipò ẹni tí yóò wò ó sàn.

Ní ìgbà náà, ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí ó ń pa ènìyàn púpọ̀ ni ṣọ̀pọ̀nná. Bí ẹ̀rùn bá ti mú, tí ilẹ̀ gbóná, tí omi sì ṣọ̀wọ́n, ni ó máa ń jà. Ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà kì í fi dárúkọ rẹ̀. Wọn a ní Olóde, wọn a ní Ilẹ̀-gbígbóná. Ẹni tí ó bá pa, a kò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Ọpẹ́ ni a ní kí àwọn ará ilé máa dú. Àwọn àwòrò òrìṣà náà ni wọ́n ń sin òkú, àwọn náà ni wọ́n sì ń kó ẹrù olóògbé lọ. Opó àti ọmọ aláìníbaba á wà níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ yìí kọ Sàpárà lóminú. Kí ni ó dé tí àrùn fi ń dí ọrọ̀ fún àwọn kan? Kò jókòó sí ọ́fíìsì kí ó máa bú abọ̀rìṣà. Ó wọ agbo náà ní ìkọ̀kọ̀, ó bá wọn ṣe é bí ọ̀kan nínú wọn, ó sì rí àṣírí wọn. Ohun tí ó jábọ̀ ni pé àwọn àwòrò kan a máa ha èépá ara alárùn, wọn a sì fi ran ẹni tí ara rẹ̀ le. Lórí ìròyìn rẹ̀ ni ìjọba ṣe fi òfin de ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í wo àrùn sàn. Sàpárà mọ̀ pé bíbupá ni ààbò, èyí tí Edward Jenner ti fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1796. Bẹ́ẹ̀ ni ó jà fún ilé ìtọ́jú aláìsàn ní òpópónà Massey ní Èkó, ó gbógun ti ikọ́ ife àti ilé játijàti tí àwọn tálákà ń há mọ́, ó sì ń wádìí ewé àti egbò ilẹ̀ wa láìfi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 1935 ni ó fi ayé sílẹ̀. Kò rí òpin ogun tí ó jà: oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni a rí alárùn ṣọ̀pọ̀nná ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán lórí ilẹ̀ ayé.

Kí ni èyí kàn wá? Àwa tí a ń ṣe ìránṣẹ́ Olúwa ní Jákàńdè Estate, Ilasan, láàárín ilé tí ìjọba Lateef Jákàńdè kọ́ fún mẹ̀kúnnù, mọ̀ pé ọ̀sà àti òkun yí wa ká, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tí àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ Eti-Osa tiwa wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ le. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ọ̀dọ̀ ẹni Ọlọ́run ni ó máa ń sá lọ ṣáájú. Níbẹ̀ ni ìdánwò wà. Ẹni tí ó bá sọ fún ìyá ọmọ tí ń ṣu, tí ń bì, pé kí ó má ṣe lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó sì gba owó ẹbọ tàbí ọrẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná ni, ìbáà wọ ẹ̀wù àlùfáà. Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere, oníṣègùn ni. Àdúrà kò kọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kò sì kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ àjẹsára ọmọ yín kọjá. Ẹ̀yin tí ilé-ẹ̀kọ́ wa tọ́ di oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì, ẹ wá jókòó ti àwọn ará àdúgbò yìí, kí ẹ gbọ́ ohun tí ń dẹ́rù bà wọ́n kí ẹ tó kọ oògùn fún wọn. Gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí a ti ń dá owó aṣọ àjọ̀dún, ẹ jẹ́ kí a dá owó omi mímọ́ pẹ̀lú.