Jack Warner, Òṣèré Tí Wọ́n Sọ Di Ọlọ́pàá

Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìpàdé wa ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, tó sì ti di ẹni ilẹ̀ tipẹ́. Mo ro ti àwọn olóṣèlú, mo ro ti àwọn ọ̀gágun, gbogbo wọn sú mi. Mo wá mú òṣèré. Jack Warner lorúkọ rẹ̀, ará London ni. Àwọn tó lọ kàwé nílùú Òyìnbó nínú wa láàárín 1955 sí 1976 á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ Dixon ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Dixon, ọlọ́pàá Dock Green, lálẹ́ Sátidé lórí tẹlifíṣọ̀n BBC.

Ohun tó mú mi yan ọkùnrin yìí ni bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pẹ́ kó tó dé. Ẹni ọdún 59 ni nígbà tí ètò Dixon bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, ìgbà yẹn ni tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1895 ni wọ́n bí i ní Bromley-by-Bow, lágbègbè Poplar, ní apá ìlà-oòrùn London. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni, àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ń tajà lójú pópó. Horace John Waters ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ilé olórin nilé wọn. Elsie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Doris àbúrò rẹ̀ ti mọ orin láti kékeré, òun náà ò sì gbẹ́yìn. Ẹ fi orúkọ àwọn obìnrin méjì yìí sọ́kàn, a máa padà bá wọn.

Ilé-ìwé Coopers' Company ló lọ, ní Mile End. Àwa tá a máa ń fi ọjọ́ orí ilé-ìwé wa yangàn, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe o: ọdún 1536 ni wọ́n ti dá tiwọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kan àgbá ló sì ń bójú tó o. Upminster ló wà báyìí, ó ti kó kúrò ní Mile End láti àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn ilé-ìwé, Horace lọ sí Northampton Institute, èyí tó padà di City University, láti kọ́ nípa mọ́tò. Ọdún kan péré ló lò níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ irin ju bí ojú rẹ̀ ṣe mọ ìwé lọ, ló bá gba gáréèjì lọ ní Balham, níbi tí wọ́n ti ń san kọ́bọ̀ méjì ayé àtijọ́ fún un ní wákàtí kan.

Ní oṣù kẹjọ 1913 ó ré kọjá sí Paris, ó di mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Sizaire-Berwick tó ń ṣe mọ́tò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wa àwọn mọ́tò tí wọn ò tíì kan ara mọ́ lọ sí etíkun, kí wọ́n lè kó wọn lọ sí England. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọdékùnrin tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, tó ń sáré bí ìjì lójú títì ilẹ̀ Faransé! Ibẹ̀ náà ló ti gbọ́ Faransé díẹ̀díẹ̀, èyí tó wúlò fún un lẹ́yìn ọ̀la nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sín Maurice Chevalier olórin jẹ lórí ìtàgé.

Ogun Àgbáyé Kìíní dé, ó di awakọ̀ nínú Royal Flying Corps, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Meritorious Service Medal ní 1918. Nígbà tí ogun parí, ó padà sídìí mọ́tò. Ó wa mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé òkú, nígbà míì ó sì tún lọ sáré ìje ní Brooklands. Mọ́tò òkú àti mọ́tò eré ìje lọ́wọ́ awakọ̀ kan ṣoṣo! Ní gbogbo àsìkò yìí, ṣeré-ṣeré ló ń kọrin, tó ń dẹ́rìn-ín pa àwọn èèyàn níbi àpèjẹ. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún kó tó sọ ọ́ di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Òun àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeff Darnell ni wọ́n jọ ń ṣeré kiri. Ní 1933 ló fẹ́ Mollie ìyàwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Elsie àti Doris. Nígbà tí Horace fi máa bọ́ sórí ìtàgé, àwọn méjèèjì ti di ìlúmọ̀ọ́ká. Gert àti Daisy ni orúkọ tí wọ́n fi ń ṣeré, obìnrin ará ìlà-oòrùn London méjì tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò. Kò sí ilé tó ní rédíò tí ò mọ̀ wọ́n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí oúnjẹ wọ́n, ìjọba fúnra rẹ̀ lo àwọn méjèèjì láti kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n á ṣe máa fi ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ sebẹ̀. Ẹlòmíràn á ti so mọ́ wọn létí aṣọ. Ṣé a ò mọ irú ẹ̀ ni, ẹni tí ìbátan rẹ̀ lówó tí kò tún ní sọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́? Horace ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pa Waters tì, ó di Jack Warner, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òkìkí àwọn obìnrin ló ń jẹ. Èmi ka èyí sí ohun ńlá, torí ó ti tó ẹni ogójì ọdún, kò sì tíì lórúkọ kankan.

Ogun náà ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1939 BBC bẹ̀rẹ̀ ètò rédíò kan tó ń jẹ́ Garrison Theatre, eré inú bárékè àwọn ṣọ́jà. Warner á wọlé tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á máa kígbe pé kí wọ́n ṣọ́ra fún kẹ̀kẹ́ òun, gbogbo èèyàn á sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á ka lẹ́tà tí Sid àbúrò rẹ̀ kọ láti ojú ogun. Gbogbo ibi tí Sid bá ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, Warner á ní pẹ́ńsù búlúù ló wà níbẹ̀, torí irú pẹ́ńsù bẹ́ẹ̀ ni ìjọba fi ń pa ọ̀rọ̀ tí kò yẹ rẹ́ nínú lẹ́tà. Kò pẹ́ tí ará ìlú fi sọ pẹ́ńsù búlúù di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bo èébú.

Lẹ́yìn èyí ni fíìmù. Ó wà nínú The Captive Heart ní 1946, ìtàn àwọn ṣọ́jà tí Jámánì kó lẹ́rú. Ní 1947 ó ṣe ọ̀daràn nínú Hue and Cry, ó tún ṣe ọlọ́pàá nínú It Always Rains on Sunday lọ́dún kan náà. Òun àti Kathleen Harrison sì ni bàbá àti ìyá nínú àwọn fíìmù ìdílé Huggett. Bàbá onílé tí ò rí já jẹ, tí kì í bínú ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ni gbogbo ènìyàn wá mọ̀ ọ́n sí.

Nígbà tó di oṣù kìíní 1950, The Blue Lamp jáde. Basil Dearden ló darí rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Ealing. Warner ni George Dixon, kọ́ńsítébù àgbàlagbà tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀, tó gba ọ̀dọ́mọdé ọlọ́pàá kan sílé rẹ̀ bí ọmọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ko àwọn ọ̀dọ́ tó wá ja ilé sinimá lólè. Ìbọn wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, Dirk Bogarde ló ṣe é. Dixon kàn ń rìn lọ bá a, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí bàbá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọmọ náà yìnbọn. Ó kú sí ọsibítù, nígbà tí fíìmù ṣì wà ní ìdajì! Wọ́n ò retí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kú. Nígbà tí fíìmù ń parí lọ, ní pápá ìṣeré White City níbi tí ajá ti ń sáré ìje, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ àtàwọn èrò ló bá ọlọ́pàá dí ọ̀nà mọ́ apààyàn náà. Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Britain tó dára jù lọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Dixon parí síbẹ̀. Òkú ti sùn. Àmọ́ Ted Willis, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ronú ìtàn náà, gbà pé ohun tó kù lára Dixon pọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje 1955, ó jí i dìde lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò ṣàlàyé kankan. Dixon tún dìde, ó wọ aṣọ ọlọ́pàá, ó ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary, ìyàwó rẹ̀ ti kú, Dock Green ni wọ́n sì pe àdúgbò rẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n fi máa dáwọ́ dúró ní oṣù karùn-ún 1976, ó ti di 432.

Bó ṣe ń lọ rèé: Dixon á dúró lábẹ́ iná búlúù tó wà lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, á fọwọ́ kan fìlà, á kí gbogbo ilé kú ìrọ̀lẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Olè kékeré, tọkọtaya tó ń jà, ọmọ tó sọnù. Nígbà tó bá parí, á tún padà sábẹ́ iná, á sọ bọ́rọ̀ ṣe já sí fún wọn, á sì ní kí wọ́n sùn re. Orin ètò náà, Jeff Darnell ló kọ ọ́, ẹnìkejì rẹ̀ ọjọ́ tí wọn ò tíì lórúkọ. Warner ò gbàgbé rẹ̀.

Àwọn èèyàn gba Dixon gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi mọ ibi tí òṣèré parí sí tí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un ní oyè OBE ní 1965. Àwọn ọlọ́pàá gidi pàápàá mú un bí ara wọn. Ó ṣe fíìmù míì láàárín, ó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá nínú The Ladykillers ní 1955 kan náà, ó tún ṣe bàbá akọni obìnrin nínú Carve Her Name with Pride ní 1958, ṣùgbọ́n Dixon ti gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé, kò sì yẹ ká fò ó. Irú ọlọ́pàá tí Warner ń fi hàn, ṣé ó wà? Ní 1962 ni Z-Cars bẹ̀rẹ̀ lórí BBC kan náà, níbi tí ọlọ́pàá ti ń bínú, tó ń mutí, tó ń lu ìyàwó. Àwọn kan wá ń fi Dixon ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn ńlá ńlá jáde pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ London ń gba rìbá, títí Robert Mark tó di ọ̀gá wọn ní 1972 fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wọn jáde. Àwa Yorùbá náà ní tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí. David Oluwale, ọmọ Èkó tó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi dé England ní 1949, ni wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Aire ní Leeds ní oṣù karùn-ún 1969. Ní 1971, ilé-ẹjọ́ rán ọlọ́pàá méjì lẹ́wọ̀n nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Dixon ṣì ń kí ìlú kú ìrọ̀lẹ́ lálẹ́ Sátidé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Mi ò di ẹ̀bi yìí ru Warner o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ṣe, ó sì ṣe é dójú àmì. Lójú tèmi, ohun tó ń ṣe fún wọn ni pé ó ń fi bó ṣe yẹ kí ọlọ́pàá rí hàn wọ́n, ẹni tó mọ orúkọ ọmọ rẹ, tó máa bá ọ sọ̀rọ̀ kó tó gbá ọ mú. Ẹni tó bá sì ti rí èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa mọ ìyàtọ̀ nígbà tó bá rí òdìkejì. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó tún jẹ́ pé òun náà ló mú kí ọ̀pọ̀ kọ̀ láti gbàgbọ́ nígbà tí àwọn tí ìyà ń jẹ ń ké. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ kọ́ wa ní ìtàn, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún yín.

Warner darúgbó sẹ́nu iṣẹ́. Ọlọ́pàá gidi á ti fẹ̀yìntì tipẹ́ kó tó tó ọjọ́ orí rẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀. Dixon ti di sájẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ Warner wá ń dùn ún, ìrìn di wàhálà, ni wọ́n bá mú Dixon jókòó sídìí tábìlì. Ní ọdún tó kẹ́yìn, wọ́n ní Dixon ti fẹ̀yìntì, ó kàn ń bá wọn tọ́jú fáìlì ní àgọ́ ni. Ẹni 80 ọdún ni Warner nígbà náà. Ó ti kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé ní 1975.

Ó kú ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 1981, ẹni ọdún 85. Àwọn ọlọ́pàá àgọ́ Paddington Green, àgbègbè ibi tí wọ́n ti ya The Blue Lamp, ló gbé pósí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i lónìí, iṣẹ́ wà o. Ètò Dixon tó kù nílẹ̀ kò ju díẹ̀ lé ní ọgbọ̀n lọ nínú 432, torí BBC ò tọ́jú ìyókù. Láti àwọn ọdún 1970 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ti wá, nígbà tó ti ń jókòó. The Blue Lamp ló wà lódindi, ó sì ń rìn dáadáa nínú rẹ̀.