Charles Darwin àti ìbéèrè ibi tí ohun abẹ̀mí ti ṣẹ̀

Eruku ọyẹ́ tó máa ń bo mọ́tò ní Challenge, nílùú Ìbàdàn, kì í dúró lórí ilẹ̀ nìkan. Atẹ́gùn máa ń gbé e kọjá etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bọ́ sórí òkun. Ní oṣù kìíní ọdún 1832, irú eruku bẹ́ẹ̀ bọ́ sórí ọkọ̀ ojú omi Beagle, nítòsí Cape Verde. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 22 kan, Charles Darwin, gbá díẹ̀ jọ, ó sì tọ́jú ẹ̀. Nígbà tó yá, onímọ̀ ará Jámánì kan, Ehrenberg, yẹ eruku agbègbè náà wò fún un. Oríṣi ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-tín 67 ló rí àmì wọn nínú ẹ̀.

Shrewsbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Darwin sí lọ́dún 1809. Bàbá ẹ̀ tó jẹ́ dókítà fẹ́ kóun náà ṣe dókítà, àmọ́ ojú ẹ̀ ò gba iṣẹ́ abẹ rárá. Ní Edinburgh tó ti lọ kàwé ọ̀hún, John Edmonstone, aláwọ̀ dúdú tó ti ṣẹrú rí ní Guyana, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òkú ẹyẹ tí ò fi ní jẹrà. Iṣẹ́ yẹn wúlò fún un gan-an lórí ìrìn àjò ọlọ́dún márùn-ún tó bá Beagle lọ.

Ní Cape Verde kan náà, ó rí ìkarahun ẹran omi nínú àpáta tó ga ju òkun lọ. Ó wá yé e pé díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ ayé ń yí padà. Lọ́dún 1859, ó gbé ìwé jáde pé bẹ́ẹ̀ náà ni ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà: èyí tí ara ẹ̀ bá bá ibi tó wà mu ló máa ń pẹ́ láyé, òun náà ló ń bímọ jù. Ìwé yẹn dá awuyewuye ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́.

Síbẹ̀, kò ṣàlàyé bí èyí àkọ́kọ́ ṣe dé. Inú lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, Joseph Hooker, lọ́dún 1871 ló ti dábàá pé ó lè jẹ́ inú adágún omi kékeré kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, níbi tí kẹ́míkà, ìmọ́lẹ̀, ooru àti iná mànàmáná ti pàdé. Ó ní bírú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, àwọn ohun abẹ̀mí tó ti wà nílẹ̀ á jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà ìwáṣẹ̀, kò sí ohun tó máa jẹ ẹ́.

Darwin kú lọ́jọ́ 19, oṣù kẹrin, ọdún 1882. Lọ́dún 1952, Stanley Miller, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Chicago, ran iná mànàmáná sí omi àti gáàsì nínú ìgò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó rí amino acid, ohun tí ara fi ń ṣe purotéènì. Àmọ́ títí dòní, kò tíì sẹ́ni tó rí nǹkan ẹlẹ́mìí jáde nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè inú lẹ́tà Darwin ṣì wà nílẹ̀.