Georg Simon Ohm (1789–1854): Ẹni tó wọn ìdènà iná mànàmáná

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 1789 ni a bí Georg Simon Ohm ní ìlú Erlangen, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Jámánì lónìí. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni Johann Wolfgang, bàbá rẹ̀. Bàbá yìí kò lọ sí ilé-ìwé gíga, ṣùgbọ́n ó fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Georg wọ Yunifásítì Erlangen ní 1805, ijó àti eré orí yìnyín ń gba àkókò rẹ̀ ju ìwé lọ. Inú bí bàbá rẹ̀, ó sì rán an lọ sí Switzerland, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò. Lẹ́yìn èyí ló padà sí Erlangen, tó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1811.

Ní 1817, ó di olùkọ́ ní ilé-ìwé kan ní Cologne, níbi tí ohun èlò ìwádìí wà. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà mọ̀ pé bátìrì lè ti iná gba inú wáyà kọjá, ṣùgbọ́n wọn kò ní òfin ìṣirò kan tí gbogbo wọn gbà lórí bí ipá tó ń ti iná àti iná tó ń ṣàn ṣe bá ara wọn tan. Agbára bátìrì tí Ohm kọ́kọ́ lò ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń wọn iná lọ́wọ́, nítorí náà èsì rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ó pa á tì. Ó so bàbà mọ́ bismuth, ó fi ojú ìsopọ̀ kan sínú omi tó ń hó, ó fi èkejì sínú yìnyín. Ipá náà sì dúró. Ó wá ń pààrọ̀ wáyà, ó ń fi abẹ́rẹ́ òòfà wọn ìṣàn iná. Èsì 1826 fi hàn pé bí ipá bá di ìlọ́po méjì, ìṣàn á di ìlọ́po méjì. Bí ìdènà bá pọ̀ sí i, ìṣàn á dín kù.

Láti inú òfin yìí ni a ti ń ṣírò ìdènà: a ó fi ampere pín volt. Bí áyọ́ọ̀nù kan bá ń gba ampere 5 lórí iná volt 230, ìdènà rẹ̀ jẹ́ ohm 46. Bí a bá sọ volt àti ampere náà di púpọ̀, a ó rí agbára tó ń lò, èyí tí í ṣe watt 1,150.

Ní 1827, Ohm tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Berlin, ó ń retí pé yóò sọ òun di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà á sí. Ó fi iṣẹ́ Cologne sílẹ̀ pẹ̀lú ìjákulẹ̀, kò sì rí ipò tó dúró títí di 1833, ní Nuremberg. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: ní 1841, Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley. Ní 1852 ló tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọdún méjì péré ló lò ní ipò náà kó tó kú ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, 1854.

Ní 1881, àpérò àgbáyé lórí iná mànàmáná ní Paris fi orúkọ rẹ̀ sọ òṣùwọ̀n ìdènà.