Fẹlá: Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n rán an, orin ló kọ́ bọ̀

Bí wọ́n bá ń ka àwọn olórin tí orúkọ wọn kò lè parẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, olóògbé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kò ní gbẹ́yìn. Àmọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni pé iṣẹ́ orin kọ́ ni ìdílé rẹ̀ rán an lọ kọ́ ní òkè òkun.

Ìlú Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1938. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Ransome-Kuti, ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School. Ìyá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀, ló ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lórí ọ̀rọ̀ owó-orí, títí tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìwé ni ayé ń retí lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye, di dókítà. Àbúrò rẹ̀, Beko, náà di dókítà. Nígbà tí Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ní kó lọ kọ́, ṣùgbọ́n Trinity College of Music ló gbà lọ.

Ó padà wálé ní 1963, ó sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, NBC, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oṣù kò bá a lára mu. Ìrìn-àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969, níbi tó ti ka ìwé nípa ìjàkadì àwọn aláwọ̀ dúdú, ló yí orin rẹ̀ padà. Ilé rẹ̀ ní Agege Motor Road, tó pè ní Kalakuta Republic, àti Afrika Shrine tó wà ní Empire Hotel, Ìdí-Òrò, Múṣin, ló ti ń bá ìjọba wí. Èdè pijin ló fi ń kọrin kó lè yé kọ́ńdọ́kítọ̀ àti ìyálọ́jà. Kódà, kì í ṣe ohun tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ló ń ṣe: orin tó bá ti gbé jáde, kì í kọ ọ́ mọ́ lójú agbo.

Owó ńlá ló san fún un. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya bo ilé náà, wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, ẹni ọdún 76, láti ojú fèrèsé òkè, ìyá náà sì jáde láyé ní oṣù Kẹrin, ọdún 1978. Iná náà jó ilé ìwòsàn Beko, ọmọ tó gbà láti ṣe dókítà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ọmọ ogun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Ní 1984, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari, wọ́n sọ Fẹlá sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè; 1986 ló jáde.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹni tó bá yan ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ló ń san gbèsè rẹ̀. Ìyá àti àbúrò bá Fẹlá san nínú rẹ̀. Gbogbo ìwà rẹ̀ kọ́ ló sì yẹ ní àwòkọ, ìbáà ṣe igbó tó ń mu tàbí obìnrin 27 tó fẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1978.

Ó kú ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997. Olikoye, tó ti jẹ mínísítà ètò ìlera rí, ló kéde fún aráyé pé àìsàn tó tan mọ́ éèdì ló pa á. Èrò rẹpẹtẹ ló sì tú jáde láti sin ín.

Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ aṣọ bíi Fẹlá, tí wọ́n ń mu igbó bíi Fẹlá, kò lóǹkà. Irú wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé tiwọn, nítorí Fẹlá kò wọ bàtà ẹlòmíràn.