Ọba Akítóyè àti Àgbá Àlejò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìjà ẹbí ni ògiri Èkó fi lanu.

Ọmọ Ológun Kútere ni Akítóyè. Ó jọba ní 1841. Ẹlẹ́tù Ọ̀dìbò kìlọ̀ fún un, síbẹ̀ ó pe Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti sá kúrò nílùú, padà wálé. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ dìtẹ̀, ó sì gba oyè mọ́ ọn lọ́wọ́. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó ti ibẹ̀ dé Àgbádárìgì.

Ó ké sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣèlérí láti fòpin sí òwò ẹrú. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun wọn fi àgbá fọ́ Èkó. Kòsọ́kọ́ sá, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Akítóyè padà sáàfin, ṣùgbọ́n agbára kò bá a padà. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ tún gbógun dé ní 1853, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó gbà á sílẹ̀. Ọdún náà ni ó wàjà.

Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1861, lábẹ́ ìhàlẹ̀ ọkọ̀ ogun, ó tọwọ́ bọ ìwé tí ó fi Èkó fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì.

Òótọ́ ni pé kíkó ẹrú kọjá òkun dópin ní Èkó, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n Akítóyè kò pète pé kí ọmọ òun pàdánù ilẹ̀ baba rẹ̀. Àwọn afọbajẹ ni àṣà wa fún ní ọba yíyàn. Ẹni tí ó bá fi ibọn àlejò gba adé, kí ó rántí pé àlejò náà kò ní gbé ibọn rẹ̀ lọ sílé.