Jack Kirby, ayàwòrán tó fi ara rẹ̀ sínú ìtàn

Bí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín bá ń ka ìwé ìtàn aláwòrán Amẹ́ríkà nípa àwọn akọni alágbára, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ọwọ́ Jack Kirby ti wọ ilé yín. Ọjọ́ 28, oṣù kẹjọ, ọdún 1917 ni wọ́n bí i ní New York, sínú ìdílé Júù tálákà.

Lọ́dún 1961, òun àti Stan Lee bẹ̀rẹ̀ Fantastic Four, ìtàn akọni mẹ́rin, nílé iṣẹ́ Marvel. Ibi tọ́rọ̀ ti dùn ni pé wọ́n fi ara wọn sínú ìtàn náà. Nígbà tí méjì nínú àwọn akọni náà ń ṣègbéyàwó lọ́dún 1965, Lee àti Kirby yọjú síbẹ̀, wọ́n sì lé wọn padà lẹ́nu ọ̀nà pé wọn kò ní ìwé ìpè.

Àwàdà ni, àmọ́ ó padà ṣẹ mọ́ Kirby lára. Lee ni òkìkí ń bá. Kirby fìbínú kúrò lọ́dún 1970. Ó tún padà wá, ó sì kọ ìtàn kan lọ́dún 1978 tí àwọn òṣìṣẹ́ Marvel ti di akọni mẹ́rin náà. Lee ló fi ṣe olórí. Ó fi ara rẹ̀ ṣe Thing, ọkùnrin tí ara rẹ̀ le bí òkúta.

Àwọn àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà, ó jà kó tó rí wọn gbà. 1987 ni wọ́n tó dá nǹkan bí 2,000 padà, díẹ̀ lára ohun tó yà.

Ó kú lọ́jọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 1994, lẹ́ni ọdún 76. Lọ́dún 2004, ìtàn Fantastic Four kan ya Ẹlẹ́dàá bí ayàwòrán tó jọ Kirby. Ìyẹn pọ̀ jù lójú tèmi. Ẹjọ́ tó wà láàrin àwọn ọmọ rẹ̀ àti Marvel lórí ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà, 2014 ni wọ́n tó jọ parí rẹ̀.